Oyún Tí Oògùn Fún Mi

Ní àsìkò ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáápù, tí ìjọba sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n tí àwọn ọkùnrin wá ń lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì wọn, èmi nìkan ni mo ń sanra ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá sanra nígbà náà, ó di dandan kó ṣàlàyé. Èmi kò lè ṣàlàyé, nítorí oògùn kan tí mo ń lò níkọ̀kọ̀ ló ń mú mi sanra, ọkọ mi sì ti ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyá òun gbọ́ sí i.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi náà ń kọ́ni, ṣùgbọ́n apá Ìrẹsà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ni ìjọba gbé e lọ. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló sì ń padà. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé. Ọṣẹ dúdú ni ìyá ń sè tà, bí mo bá sì ti ilé ìwé dé, mo máa ń bá wọn gún un. Ọdún kẹta ìgbéyàwó wa nìyẹn, n kò tíì bímọ.

Àìsàn náà kò ní ojú tí mo lè fi han ènìyàn. Kò sí ibà, kò sí ikọ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, àyà mi á ti máa já kí n tó rántí ohun tó yẹ kó torí rẹ̀ já. Mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́, n kò ní mọ ohun tó kù láti ṣe. Ní kíláàsì, mo lè kọ ìdajì ọ̀rọ̀ sójú pátákó kí ṣọ́ọ̀kì dúró sí mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ á sì ka ìdajì náà sókè bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí. Inú balùwẹ̀ ni mo ti máa ń sunkún, torí pé ibẹ̀ ni omi ti lè wà lójú ènìyàn kí ẹnikẹ́ni má béèrè ìdí. Nígbà tó yá, mo wá ń ronú ikú bí ẹní ń ronú ìrìn àjò tí kò jìnnà. Ọjọ́ tí mo sọ ìyẹn fún ọkọ mi ni ojú rẹ̀ yí padà.

Ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wá. Dókítà tó rí mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi mí nípa oorun, ó bi mí nípa oúnjẹ, ó wá bi mí bóyá mo ń ronú láti pa ara mi. Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì pariwo. Ó pe àìsàn náà lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì tó jókòó tì í ní àárẹ̀ ọkàn ni a lè pè é. Wọ́n fún mi ní oògùn kéékèèké kan, pé kí n máa lò ó lálaalẹ́. Dókítà ní ẹnu mi á gbẹ, oorun á máa kùn mí, mo sì lè sanra. Ó ní á tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, àti pé n kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì.

Nínú mọ́tò tí à ń bá bọ̀, ọkọ mi rọra sọ fún mi pé, "Má jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ o. Bí wọ́n bá gbọ́ pé oògùn orí lò ń lò, wèrè ni wọ́n máa ní mo fẹ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ pè é?" mo bi í.

Ó kọjú sí fèrèsé.

Kì í ṣe ayọ̀ ni oògùn náà gbé wá. Àwọn tó rò pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń múni rẹ́rìn-ín kò lò ó rí. Ohun tó ṣe fún mi ni pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lágbàlá, mo sì kàn mọ̀ pé ẹnìkan ń gbálẹ̀ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyà mi kò já. Mo wọ bàtà mi méjèèjì, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ wé igun tábìlì tí mo ti ń fi orúnkún gbá lójoojúmọ́: tábìlì ṣì wà níbẹ̀, kò kàn dunni tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́ ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí dókítà sọ ló ṣẹ. Ẹnu mi gbẹ. Àgbálùmọ̀ ni mo fi ń wá itọ́, mo ń lá a ṣáá láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, orí àga ni màá sùn lọ sí, gèlè á ṣì wà lórí mi. Mo sì ń sanra. Ìyàwó ilé tí kò tíì bímọ, tó ń sùn lọ́sàn-án, tó ń lá àgbálùmọ̀, tó sì ń tóbi: ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti ṣírò tiwọn.

Ẹni tí kò bá gbé irú agboolé wa rí lè béèrè pé kí ló dé tí n kò wí pé n kò lóyún. Ta ló bi mí? A kì í fẹnu kan oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ayé má baà gbọ́. Ìṣe ni a fi ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ kan tí mo ń bá ìyá gún ọṣẹ, wọ́n gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Lọ jókòó, ìyàwó." Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú pínnì kan, wọ́n fi há etí ìró mi, wọn kò wí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n máa dúró ní ilé ìwé títí oòrùn á fi rọlẹ̀, torí aláboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan. Wọn kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà, aláboyún; èmi ni mo mọ̀ pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ gbà á, pé Ọlọ́run rí mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ, báwo lèèyàn ṣe ń sẹ́ ẹ? Bí mo bá ṣàdédé lanu pé n kò lóyún, wọ́n á ní mo ń fi ẹnu ara mi ṣépè fún ara mi.

N kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ń bọ́ sínú àwo mi. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ Ẹtì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ná," ó ní. "Ó ṣáà sàn ju kí wọ́n mọ òótọ́ lọ." Inú bí mi gan-an. Oyún tí kò sí, oṣù mélòó ló fẹ́ kí n fi gbé e?

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kúrò ní ẹ̀rín. Mo ti ilé ìwé dé, mo wá oògùn mi nínú àpótí aṣọ, n kò rí i. Ìkòkò àgbo ló wà lórí ààrò. Ìyá bu ife kan fún mi.

"Èyí ni kí o máa mu," wọ́n ní. "Gbogbo oògùn òyìnbó tí ò ń gbé mì yẹn, mo ti kó o kúrò. Kò dáa fún irú yín."

Irú yín. Wọn kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mu àgbo náà, ó korò.

Mo rò pé mo lè mú un mọ́ra títí ọkọ mi á fi dé. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Oorun sá lójú mi pátápátá. Èébì ń gbé mi, inú ìyá sì tún ń dùn sí i. Lẹ́yìn náà ni àyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bá ara mi létí bẹ́ẹ̀dì, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ ibi tí ọ̀nà yẹn já sí. Mo wí fún ara mi pé bí wọ́n bá pè mí ní wèrè, màá ṣáà wà láàyè láti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn, wọ́n ń ro ọṣẹ nínú ìkòkò irin. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ dákun, ẹ fún mi ní oògùn mi. N kò lóyún."

"Ta ló ní o lóyún?" ni wọ́n wí.

"Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n n kò lóyún. Oògùn yẹn ló ń mú mi sanra, òun ló ń mú ẹnu mi gbẹ, òun náà ló ń mú mi sùn. Nítorí àárẹ̀ ọkàn ni wọ́n ṣe fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ yín mọ̀ sí i. Bí n kò bá rí i lò, mo lè ṣe ara mi ní jàǹbá."

Wọn kò wò mí. Igi tí wọ́n fi ń ro ọṣẹ kò dúró. Mo ń retí ariwo, mo ń retí kí wọ́n ní kí n lọ palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Mo rí i bí oyún náà ṣe ń kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀, ó sì dùn mí, nítorí pé àwọn nìkan ló lóyún ọ̀hún ní ti tòótọ́.

"Báwo ló ṣe máa ń ṣe ọ́?" ni wọ́n bi mí.

Mo ròyìn fún wọn: òwúrọ̀, bàtà, ṣọ́ọ̀kì, ẹkún inú balùwẹ̀.

"Ẹkún inú balùwẹ̀," ni wọ́n wí. Kì í ṣe ìbéèrè. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Oògùn yẹn ń dá a dúró?"

"Ó ń dín in kù, mà."

Wọ́n fa iná jáde lábẹ́ ìkòkò, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n fi oògùn náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, odindi rẹ̀, wọ́n sì pa ìka mi dé lé e lórí.

"Ìgbà wo lo tún ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, mà."

Wọ́n ti iná padà sábẹ́ ìkòkò, wọ́n mú igi ọṣẹ wọn.

"Jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tó bá jẹ́," wọ́n ní. "Láti ọdún tí bàbá ọkọ rẹ ti kú ni èmi náà ti ń sun ẹkún inú balùwẹ̀ yẹn. Ó yẹ kí n fọ aṣọ tí màá wọ̀ lọ."