Mùíbátù Tó Ń Gbọ́ Fíìmù Lára Ògiri

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fíìmù kì í dá ìjà sílẹ̀, kò tíì dé ilé fídíò Irewọlé ní Ìlobù nìyẹn. Ọdún kẹta tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ là ń wí yìí. Ilé fídíò náà wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìfọ́n: tẹlifíṣọ̀n kan, fídíò kan, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń hú bí ẹni tí ikọ́ ń bá jà, àti bẹ́ǹṣì tí kò tó àwọn tó fẹ́ jókòó. Ọ̀dọ́ ìlú méjèèjì ló ń rọ́ lọ síbẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Fíìmù àwọn alágbára òyìnbó ló gbòde nígbà náà, àwọn tó ń fò lójú ọ̀run, àwọn tó ń gbé mọ́tò bí ẹni gbé igbá ẹ̀kọ. Ẹni tó bá wò ó tán kì í lọ sílé. Ìta ló máa ń dúró sí, tí á máa jiyàn títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú tó ti Mùíbátù télọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, àwọn ọkùnrin tó ga jù ú lọ á máa wá ibi tí wọn yóò gbà sá. Òṣogbo ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó ṣe fírídọ́ọ̀mù tán, ó padà wálé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ilé fídíò náà gan-an. Bí fíìmù bá ti parí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn olùjiyàn ń yà sí. Á fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì, á fi ẹnu dá wọn lóhùn, aṣọ oníbàárà kò sì ní wọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí wọn kò mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó bi í rí. Mùíbátù kò wo fíìmù kankan rí láyé rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni Ààfáà Sofiyullah, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú. Lọ́jọ́ tí ó mú bàbá náà wá wo ṣọ́ọ̀bù, ilé fídíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni bàbá ń wò, ó ń mirí. Ó ní, "Mùíbátù, mo gbà kó o gba ṣọ́ọ̀bù yìí. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ tẹ inú ilé yẹn." Mùíbátù kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, òun ò ní tẹ̀ ẹ́. Ó sì ti lé lọ́dún kan báyìí, kò tíì tẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ bàbá kò bá ògiri sọ̀rọ̀. Ògiri tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé fídíò kò kan páànù, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì ń ṣe lọ́hùn-ún, òkè rẹ̀ ló ń gbà wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó mọ fèrè tó máa ń dún kí alágbára tó yọ. Ó mọ ìró gíláàsì, ó mọ ẹ̀rín ọ̀tá, ó mọ ìgbà tí èrò yóò pariwo àti ìgbà tí wọn yóò pa lọ́lọ́. Irewọlé tó ni ilé náà fúnra rẹ̀ ló ń fi máíìkì ṣe ògbufọ̀, nítorí àwọn òyìnbó inú fíìmù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ògiri kò bá sì gbé wọlé, àwọn olùjiyàn á gbé e wá. Mùíbátù a máa tò ó pọ̀ lọ́kàn rẹ̀, a sì máa wù ú kí òun rí i. Ó ń wù ú débi pé nígbà mìíràn, bí fèrè yẹn bá ti dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró lórí máṣíìnì, á gbójú sókè sí ògiri lásán, bí ẹni tó ń retí kí ó là.

Fíìmù méjì ló pín ìlú níyà lọ́dún náà. Ọ̀kan ni ti ọkùnrin tó ń bojú, tó ń fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn. Ìlobù sọ ọ́ ní Abáfẹ́fẹ́rìn, nítorí ta ló fẹ́ fi orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́ ká ahọ́n ara rẹ̀ kò? Èkejì ni ti ọkùnrin tí iná ń jáde ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí irin ń yọ́ níwájú rẹ̀ bí òrí. Ìyẹn ni Ìfọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-Iná. Ẹni tó kó àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ́n sòdí ni Adéjọbí, wẹ́dà kan báyìí, ọkùnrin gíga tó fẹ́ràn ẹ̀rín, tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń fi iná jó irin mọ́ irin jẹun, ta ni kó tún fẹ́ràn bí kò ṣe Ọlọ́wọ́-Iná?

Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, Irewọlé kéde pé ní Sọ́ńdè tó bá tẹ̀lé ọdún, òun yóò gbé tẹlifíṣọ̀n jáde lọ sí pápá ilé-ìwé, kí tọmọdé tàgbà wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù kan ṣoṣo ni jẹnẹrétọ̀ yóò lè gbé. Èwo ni kí ó jẹ́? Ariwo ta. Nígbà tí ìjà fẹ́ bẹ́, Irewọlé ní kí ìlú méjèèjì mú agbẹnusọ kọ̀ọ̀kan wá, kí wọ́n jiyàn níwájú Tíṣà Amos, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, tí kò wo ọ̀kankan nínú méjèèjì, tí kò sì ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá borí, fíìmù tirẹ̀ ni wọn yóò wò.

Ìlobù kò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mú Mùíbátù. Òun náà, nígbà tó gbọ́ "pápá ilé-ìwé," abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́. Pápá kì í ṣe ilé fídíò! Bí òun bá borí, òun yóò fi ojú òun méjèèjì rí Abáfẹ́fẹ́rìn, òun kò sì ní ba àdéhùn bàbá òun jẹ́. Bí òun bá pàdánù ńkọ́? Ó di ìgbà wo kí Irewọlé tún tó gbé tẹlifíṣọ̀n síta? Kò fẹ́ẹ̀ lè jẹ ẹran ọdún.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, èrò kún abẹ́ igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fọ́fọ́. Adéjọbí ló kọ́kọ́ dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí Tíṣà.

"Ẹ kú ọdún, sà. Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Ẹni tó ń ṣe rere, kí ló ń bojú fún? Olè ló ń bojú! Ẹ tún gbọ́, sà: ojú fèrèsé ló máa ń gbà wọlé àgbàlagbà. Kò ní dọ̀bálẹ̀, kò ní sọ pé ẹ kú ilé. Ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ni mo pè é!"

Ìfọ́n patẹ́wọ́. Mùíbátù kúnlẹ̀ kí Tíṣà, ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Adéjọbí, ṣé ẹ kì í gbọ́ wáàsí ni? Sàárà ìkọ̀kọ̀ ni láádá rẹ̀ pọ̀ jù. Ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún fi tọrẹ. Kò fẹ́ kí wọ́n kí òun pé o ṣeun, ìdí tó fi bojú nìyẹn. Ẹ ní kò kí àgbà. Ilé ń jó, ẹ fẹ́ kó dúró dọ̀bálẹ̀! Ṣé kí wọ́n lè sin òun àti àgbà náà pọ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú. Kò jẹ́ kí ó rọlẹ̀.

"Èmi náà fẹ́ bi yín. Ọlọ́wọ́-Iná yín yìí, báwo ló ṣe ń ṣe àlùwàlá? Kí omi tó kan ìgbọ̀nwọ́, ó ti gbẹ! Ta ló lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́? Bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ létí, tó bá fẹ́ họ ọ́ ńkọ́?"

Tíṣà Amos bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nu omi ẹ̀rín lójú. Àwọn ará Ìlobù ti ń fò sókè. Adéjọbí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ó dáa, ó dáa. Mùíbá, télọ̀ ni ọ́. Tíṣà ò rí Abáfẹ́fẹ́rìn rí. Bá mi ṣàlàyé aṣọ rẹ̀ fún wọn. Báwo ni wọ́n ṣe rán an? Ṣé ó lọ́rùn? Ṣé bọ́tìnnì ni àbí síìpù? Torí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé aṣọ yẹ̀yẹ́ ni."

Mùíbátù mọ ohùn ọkùnrin yẹn ju ohùn àbúrò rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n aṣọ kì í dún. Wọ́n ti jiyàn lórí ohun gbogbo ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ nípa ọrùn aṣọ rí. Ó lè parọ́. Ó lè ní síìpù ni, kí ó fi ẹ̀rín bò ó. Ó wo Tíṣà tó ń dúró de èsì, irọ́ náà kò sì jáde.

"Mi ò mọ̀, sà," ló wí. "Mi ò rí i rí. Bàbá mi ní mi ò gbọdọ̀ wọ ilé fídíò, mi ò sì wọ̀ ọ́. Ara ògiri ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Hàà! Nímọ́tà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń dirun ní òdìkejì títì, gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Mùíbá! Gbogbo bó o ṣe ń bá mi jà lórí ọkùnrin yẹn! O tiẹ̀ ní mi ò lójú!" Àwọn kan ń pòṣé, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ojú ti Mùíbátù débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Tíṣà Amos dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó ní ẹlẹ́rìí tí kò rí kì í ṣe ẹlẹ́rìí, ó dun òun, ṣùgbọ́n Ìfọ́n ló borí.

Ìfọ́n gbé ijó. Omi gba ojú Mùíbátù, ó sì fi etí ìborí rẹ̀ nù ún kíákíá. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jó, Adéjọbí ni. Ó dúró, ó ń họrí.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Mi ò lè gbé ìṣẹ́gun yìí délé. Wọn á ní ẹni tí kò rí nǹkan kan ni mo bá jà, mo tún fẹ́ẹ̀ ṣubú! Ẹ jẹ́ ká gbé Abáfẹ́fẹ́rìn yẹn síta lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kó wò ó dáadáa. Tó bá wò ó tán, òun fúnra rẹ̀ á wá bá mi ní Ìfọ́n, á ní, Bọ̀ọ̀dá Adéjọbí, òótọ́ lẹ sọ, pàǹtí ni."

Àwọn ará ìlú rẹ̀ pariwo lé e lórí pé ṣé orí rẹ̀ pé. Tíṣà ní ẹni tó bá jẹ ẹ̀bùn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mùíbátù kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ro ohun gbogbo fún un láti orí dé ìdí. Ó ní, "Pápá ni, Bàbá, kì í ṣe inú ilé." Ààfáà Sofiyullah ń ja tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó parí síbẹ̀. Mo ti gbọ́ kì í sì í ṣe mo ti gbà. Mùíbátù kò tó ẹni tó ń bi bàbá ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, ló bá dìde pẹ̀lú ẹ̀rù nínú.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kírun alásárì tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó lọ. Ta ni kò ní lọ? Wọ́n gbé tábìlì lé tábìlì, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n lé e, wọ́n ta tapólíìnì bò ó kí oòrùn má baà pa àwòrán. Èrò pọ̀ dé ẹsẹ̀ títì. Mùíbátù jókòó sórí ẹní níwájú pátápátá, Nímọ́tà lápá ọ̀tún, Adéjọbí lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn, ó ti tún ẹnu ṣe sílẹ̀ de yẹ̀yẹ́. Fèrè dún, ọkùnrin náà sì yọ.

Ó rí i! Aṣọ rẹ̀ búlúù bí ẹni rẹ ẹ́ láró, kò lọ́rùn, síìpù ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó rán an kò sì mọ èjìká rán. Ọkùnrin náà tínrín ju bí ó ṣe rò ó lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Mùíbátù kò bìkítà. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó di apá Nímọ́tà mú títí ìyẹn fi ké pé kó má yọ òun lápá.

Wọn kò tíì dé àárín rẹ̀ tí lósípíkà fi bú gbàù, tó dákẹ́. Àwòrán ń lọ, ohùn ti kú. Irewọlé sọ máíìkì sílẹ̀, ó kó sí abẹ́ tábìlì láàárín wáyà. Èrò hó yèè. Àwọn kan ti ń ká ẹní. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹnu Abáfẹ́fẹ́rìn ń lọ lásán.

Mùíbátù kò mọ ìgbà tó dìde. "Ó ní, ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Èmi lẹ ń wá!" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀tá la ẹnu, Mùíbátù fi ọ̀fun rẹ̀ rẹ́rìn-ín burúkú yẹn gẹ́lẹ́. Ó fi ẹnu fun fèrè. Ó fọ́ gíláàsì, ó tẹ bíréèkì mọ́tò. Ojú rẹ̀ ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, méjèèjì wá pàdé lára rẹ̀. Àwọn tó ti ká ẹní tún un tẹ́. Ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀, Adéjọbí jágbe mọ́ ọn: "Dákẹ́ ńbẹ̀ yẹn, jẹ́ ká gbọ́!"

Lójú tẹlifíṣọ̀n, iná ti mú ilé gogoro kan. Ọmọ kékeré kan so rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé lókè téńté, ìka rẹ̀ ń yọ̀. Mùíbátù ń rọra sọ ọ́, èrò pa lọ́lọ́.

"Mùíbátù!"

Láti ẹ̀yìn pátápátá ni ohùn náà ti wá, kò sì sí ohùn tó mọ̀ jù ú lọ láyé. Ó yí padà, ó kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Ààfáà Sofiyullah ló dúró lórí bẹ́ǹṣì, tó ń na ọrùn lórí èrò, láwàní rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tẹ̀sùbáà ń fì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé ohùn sókè, àwa tẹ̀yìn ò gbọ́! Ọmọ yẹn, ṣé ó jábọ́ ni?"

Mùíbátù kò bojú wẹ̀yìn wo tẹlifíṣọ̀n.

"Kò jábọ́, Bàbá!" ló fi gbogbo agbára rẹ̀ ké. "Abáfẹ́fẹ́rìn ti hán an! Ó ti hán an!"