Ikọ́ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Eré

Àmì eyín mẹ́rin ló wà nídìí pẹ́ńsùlù náà, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, wọ́n sì jìn débi pé ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ti hó, igi funfun sì yọjú. Pẹ́ńsùlù pẹlẹbẹ ni, irú èyí tí àwọn káfíńtà máa ń kì bọ ẹ̀yìn etí. Okùn tín-ín-rín ni wọ́n fi so ó mọ́ ìwé ńlá tí ẹgbẹ́ eléré náà ń kọ ìròyìn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí. Obìnrin tó mú un lọ́wọ́ mọ ẹni tó ni eyín náà. Ọkọ rẹ̀ ni. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti sin ín.

Olùránnilétí ni ẹgbẹ́ ń pe obìnrin yìí. Lójú ọjọ́, ilé ìfọṣọ ló ti ń lọ aṣọ oníbàárà. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, yóò jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan, lórí àpótí tí ọkọ rẹ̀ kàn fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá fò lórí eléré kan, òun ni yóò sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́.

Àṣà kan wà tí wọn kò kọ sílẹ̀, tí wọn kì í sì í rú: ìròyìn ló ń ṣáájú eré. Ẹni tó bímọ, ẹni tó pààrọ̀ iṣẹ́, ẹni tó fẹsẹ̀ ṣẹ́, Olùránnilétí ni yóò dìde kà á kí ẹnikẹ́ni tó gun orí ìtàgé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá sì lọ, tàbí tó kú, ipa tó ń kó nínú eré ṣì jẹ́ tirẹ̀ títí wọn yóò fi ka ìròyìn rẹ̀. Ẹlòmíràn lè bá a dì í mú, kò lè gbà á.

Adájọ́ ni ọkọ rẹ̀ nínú eré tuntun. Ọjọ́bọ̀ méjì ló ti kọjá tí obìnrin náà ka ìròyìn àwọn ẹlòmíràn, tó sì pa ìwé dé láì ka ti ọkọ rẹ̀. Wọn kò sì lè ṣe eré náà dé òpin. Eré tí kò ní Adájọ́ sì wá dà bí ṣòkòtò tí kò ní okùn.

Alága ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wá bá a nílé ìfọṣọ.

“Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ẹ káàbọ̀, Tíṣà.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù ká ṣe eré fáwọn èèyàn. Ẹ jẹ́ kí onígbàjámọ̀ ẹgbẹ́ wa máa bá wa ka ọ̀rọ̀ Adájọ́, kó kàn máa kà á ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a máa fagi lé eré yìí ni.”

“Ó dáa.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ máa wá?”

“Màá wà ńbẹ̀.”

Ó yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan padà, ó lọ̀ ọ́. Ẹkún tí ẹbí ń retí láti ojú rẹ̀ kò wá. Kì í ṣe pé ó ń mú un mọ́ra. Ó dà bí ẹni tó tọwọ́ bọ àpò, tó sì bá a pé ìdí àpò ti já.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ó ka ìròyìn méjì, ó pa ìwé dé. Onígbàjámọ̀ bọ́ sórí ìtàgé.

“Orí ni mo mọ̀ ọ́n fá o, n ò mọ ẹjọ́ dá.”

Aránṣọ tó ń ṣe ẹlẹ́rìí dá a lóhùn. “Ṣe jẹ́ẹ́. Bó o bá fá ẹjọ́ yìí kodoro, a ò ní gbé orí wá sọ́dọ̀ ẹ mọ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbé ìwé sílẹ̀, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Adájọ́ láì wo ìwé. Ó dé ọ̀rọ̀ ojú ìwé kẹtàdínlógún, ọ̀rọ̀ fò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Olùránnilétí ṣe ohun tí ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ẹ sún mọ́ mi, etí mi ti ń di.”

Onígbàjámọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ sún mọ́ mi, etí mi ti ń di.”

Gbogbo àwọn yòókù yíjú sí aṣọ ìkélé. Ikọ́ yẹn kò sí nínú ìwé. Eruku pákó ló fi í sí ọ̀fun ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, òun ló sì sọ ọ́ di ti Adájọ́, nílé, bí ìyàwó rẹ̀ ti ń bá a mú ìwé dání. Lórí ìtàgé, ọkùnrin náà kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Òní ni obìnrin náà kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Adájọ́ rán ẹnikẹ́ni létí.

Onígbàjámọ̀ ti rí ojú àwọn yòókù. “Ẹ má bínú, Ìyá. Mo rò pé ó wà nínú ìwé ni.”

“Kò sí nínú ìwé.”

“Ṣé kí n yọ ọ́?”

Obìnrin náà wo ojú ìwé náà. “Fi í síbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín.”

Wọ́n ṣe eré dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n ń to àga, ó fa pẹ́ńsùlù náà mọ́ra, ó kọ gbólóhùn méjì sínú ìwé ńlá: Káfíńtà wa ti jáde láyé. Onígbàjámọ̀ ni yóò ṣe Adájọ́.

Alága rí i. “Ṣé ẹ máa kà á báyìí?”

“Eré ti ṣáájú lónìí.”

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ní aago márùn-ún, yóò dìde, yóò ka gbólóhùn méjèèjì, lẹ́yìn náà yóò jókòó lórí àpótí rẹ̀, yóò sì ṣí ojú ìwé kìn-ín-ní eré náà.