Ọjọ́ tí Mo Kí Arógunyọ̀

Nígbàkígbà tí òórùn iṣu sísun bá gba ojú fèrèsé mi wọlé ní Ìsọlọ̀, abúlé wa ni ọkàn mi ń lọ, níbi tí a ti ń bọ Arógunyọ̀, ọmọ-ọba jagunjagun tí ó fi idà la ilẹ̀, tí ó sì wọ ibẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọdún rẹ̀ kan, èmi ni wọ́n yàn láti gbé iṣu rẹ̀, nítorí pé n kò ní ẹlẹ́gbẹ́ nínú ìkíni. Iṣu náà ń jó mi lọ́wọ́ láti inú ewé, epo sì ń ṣàn dé ìgbúnwọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú àwòrò, mo fi ohùn ilé-ìwé sọ pé: "Ẹ kú ọdún o, Bàbá!"

Gbogbo abúlé yíjú sí mi. N kò mọ̀ pé a kì í pe "kú" níwájú ẹni tí kò kú. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò gba iṣu náà lọ́wọ́ mi.

Àwòrò dẹ etí sí mi. "Ta ni ó kú?"

"Kò kú!" ni gbogbo abúlé fi ariwo dáhùn. "Ó wọlẹ̀ ni!"

"Ẹ forí jìn ín, Bàbá," ni ìyá mi àgbà wí. "Ilé-ìwé ló bà á jẹ́."

"Ọmọ-ọba ti gbọ́ pé òun kò kú," ni àwòrò wí. " Gbé iṣu wá, alákọ̀wé, kí ó tó tutù."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọdọọdún ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi èèwọ̀ náà pamọ́ fún ọmọ tí yóò gbé iṣu, kí abúlé lè rí àyè kígbe pé kò kú.

Lánàá, oníṣu ẹnu ọ̀nà wa kí mi: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

"Kò kú," ni mo dá a lóhùn. "Ó wọlẹ̀ ni."

"Ta ni, Màmá?"

"Fi epo sí i."