Ọgbẹ́ Ìhà Òjó Ṣọ́jà

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí í parọ́ kí wọ́n lè yìn ín. Ojú mi méjèèjì ló rí i, ọ̀sán gangan ni, n kò sì mutí.

Nígbà náà, ogun Jámánì ti parí, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sí Kamẹrú sì ń darí bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan bá wọn wọ Ìlọfà. Kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Ó ní Òjó ni orúkọ òun, pé òun ti ṣe ṣọ́jà, pé òun kò sì ní ẹbí mọ́ níbi kankan. Èyí tó sọ kẹ́yìn yìí ló yẹ kó kọ wá lóminú. Ta ni kì í ní ẹbí?

Ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, nítorí ó ṣe wá lóore. Òun ló kọ́ wa bí a ti ń gbin kòkó. Kó tó dé, iṣu àti àgbàdo la mọ̀. Ó gbin ọmọ kòkó sẹ́bàá odò, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòrí fún wọn kí oòrùn má baà jó wọn, ó ń bomi rin wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Tí wọ́n bá tó láti hú lọ gbìn sóko, á fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, á máa kà á ní èdè Hausa bí wọ́n ti kọ́ wọn lójú ogun: "Daya, biyu, uku." Igi kòkó rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Òyìnbó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oko wá wò ó, ó ní kí àwọn àgbẹ̀ láti Òsí wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èmi ni mo bá a ṣiṣẹ́ jù. Lọ́dún kejì, mo fa àbúrò mi, Àìná, lé e lọ́wọ́ kó fi ṣaya. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á.

Ìfura mi bẹ̀rẹ̀ lódò. A jọ ń wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, mo bá rí ìhà rẹ̀ òsì. Ọgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ìka lè wọ̀. Pupa ni, ó tutù rinrin. Kò rùn, eṣinṣin kan kò sì bà á. Bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ogun dé. Ó rí i pé mò ń wò ó, ó fi aṣọ bò ó.

"Ọgbẹ́ ìbọn kì í tètè jinná," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Kì í lọ sí ọjà ìlú mìíràn láéláé. Tí a bá ní kó bá wa dé Ìlọ́rin, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Tí àlejò bá ń kọjá lójú ọ̀nà oko, á rọra wọ inú igbó, kò ní jáde títí ẹni náà á fi lọ. Mo rò pé ó sá lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà ni, tàbí ó pa èèyàn níbì kan. Mo bi Àìná léèrè. Ó ní ọkọ òun kì í sùn, pé á kàn dùbúlẹ̀ lanu sílẹ̀, ojú rẹ̀ á là kalẹ̀ di òwúrọ̀. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Èmi àti Òjó nìkan ló wà lóko. Oníṣòwò obì kan, ará Ìlọ́rin, yà láti tọrọ omi. Ẹ̀yìn odò ló gbà yọ, Òjó kò sì tètè rí i. Mo bu omi fún un. Bó ṣe ń mu ún lọ́wọ́ ló gbọ́ tí Òjó ń wọn ilẹ̀, tó ń kà á. Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òjó," ó wí. "Ṣé ìwọ nìyí?"

Òjó kò bojú wẹ̀yìn. Ó dúró. Ó rọra fi ọkọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé kò fẹ́ kó ró.

"Àna mi," ó sọ fún mi láìwò mí, "ẹ bá mi bomi rin wọn nírọ̀lẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ kòkó. Ẹ gbà mí gbọ́, ìbòrí yẹn kò ga ju orúnkún lọ, adìyẹ kò lè sá pamọ́ síbẹ̀. Kò dìde mọ́. Mo sáré débẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ tutù, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Oníṣòwò náà ti jókòó sílẹ̀, ó ń ka àdúrà tí àwọn Mùsùlùmí ń kà fún òkú. Mo dì í mú lápá pé kó sọ ohun tó mọ̀.

"A jọ ṣe ṣọ́jà ni. Èmi àti àwọn méjì la gbẹ́ sàréè rẹ̀ ní Kamẹrú," ó wí. "Ìhà òsì ni ìbọn ti bà á. Ọwọ́ mi ni mo fi bu erùpẹ̀ bò ó."

N kò sọ ohun tí mo rí lódò fún un. Mo wá Òjó títí oòrùn fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, mo bomi rin àwọn ọmọ kòkó. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe é.

Mo sọ fún Àìná pé ọkọ rẹ̀ rin ìrìn àjò. Ó wò mí títí, kò béèrè ibi tó lọ. Nígbà tó bí ọmọbìnrin, mo wo ìhà ọmọ náà kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Síbẹ̀, mo tún wò ó lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ náà ti ń rìn nígbà tí àwọn oníṣòwò mú ìròyìn dé pé ṣọ́jà àtijọ́ kan ti dé ìlú kan lẹ́yìn Kàbbà, ó ń kọ́ wọn ní kòkó gbígbìn. Mo fẹ́ fi pamọ́ fún Àìná, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́. Ó gbé ọmọ fún ìyàwó mi, ó lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo bi í bóyá ó rí i.

"Ẹ ní kí wọ́n bá mi fá orí mi," ó wí. "Mo fẹ́ ṣe opó."

Títí ó fi kú, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn àjò, tí ẹ bá dé ìlú onílùú tí ẹ rí ẹni tí ẹ ti sin, ẹ má pe orúkọ rẹ̀. Ẹ gbójú kúrò, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ kò mọ ẹni tó ń se oúnjẹ dè é nílé.