Bàtà Tí Mo Wọ̀ fún Ọmọ Ọlọ́mọ

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá ni pé kí n máa fi kọ̀ǹpútà tan àwọn òbí jẹ. Mo máa ń ṣe pósítà fún àwọn ilé ìwé, mo sì máa ń ṣe sàtífíkéètì fún àwọn ọmọ wọn. Ilé ìwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tó bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, á ní òdòdó lẹ́nu géètì. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: fọ́tò obìnrin tó ni ilé ìwé gbọ́dọ̀ tóbi ju ti gbogbo ọmọ lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi lẹ́tà bo gèlè rẹ̀.

Ní ọlidé tó kọjá, ilé ìwé kan ní kí n ṣe ti kíláàsì orin wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù àti oríṣiríṣi fèrè. Fọ́tò tí wọ́n kó wá fún mi ṣeni láàánú. Gbogbo àwọn ọmọ náà di fèrè mú bí ẹni tí wọ́n ní kó mu àgbo. Ọ̀kan péré ló dára, fọ́tò ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan tó ń fọn tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì. Ìyá rẹ̀ ló yà á níbi ìkórè ìjọ wọn, ìjọ aláṣọ funfun. Ọmọ náà wọ sùtánà, ó ranjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀.

Mo yọ àbẹ́là tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò. Ìyẹn ò burú. Mo tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú. Ìyẹn náà ò burú. Ìgbà tó yá ni mo wá bàtà dúdú kan àti sọ́kìsì funfun jáde, mo bá wọ̀ wọ́n fún un. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ o. Mo tiẹ̀ fi òjìji sábẹ́ bàtà náà kó lè jọ òótọ́, mo wá jókòó, mò ń yin ara mi. Obìnrin tó ni ilé ìwé wò ó, ó ní fọ́tò òun ti kéré jù. Mo fi kún gèlè rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́. A gbé pósítà ńlá kọ́ sí géètì, fọ́tò ọmọ náà sì wà ní igun gbogbo sàtífíkéètì tí wọ́n máa pín lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n fẹ́ parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá ọmọ náà já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

“Ẹ̀yin lẹ wọ bàtà fọ́mọ mi lórí sùtánà?”

Mo kí i. Mo ní, “Mà, kọ̀ǹpútà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì.”

“Kọ̀ǹpútà wo ló lọ ra sọ́kìsì, jàre? Gbogbo ìjọ ló ti rí fọ́tò yẹn lórí fóònù. Olùṣọ́ ìjọ wa pè mí, wọ́n ní ìgbà wo lọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà sí aṣọ mímọ́. Àbí kí n sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ni?”

Ó ní bí bàtà yẹn ò bá kúrò lára gbogbo rẹ̀, ọmọ òun ò ní wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí ló fẹ́ dá fọn orin ìparí. Ó ti ń fi í dánra wò láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ilẹ̀ lọmọ náà ń wò.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà, kò sóhun tó kàn án kan bàtà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ ABD. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a máa ń fẹsẹ̀ lásán rìn kọjá ní ibùdókọ̀ Pleasure, àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn pẹ̀lú bàtà dídán á máa bi mí bóyá ajá ló gbé tèmi lọ. Nígbà tí mo dàgbà, mo sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń wọ bàtà lórí kápẹ́ẹ̀tì, mi ò sì sọ ibi tí mo ti wá fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo bẹ ìyá náà, mo sì jókòó ti iṣẹ́. Bàtà ò ṣeé bọ́, torí mi ò tọ́jú fọ́tò àkọ́kọ́. Ìyá náà ló tún fi í ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò bí mo ṣe ń tẹ gbogbo rẹ̀ lọ́tun. Ìyá rẹ̀ ya èyí tuntun, ó fi ránṣẹ́ sí olùṣọ́, a wá ń retí èsì. Nígbà tí fóònù dún, ó jáde lọ dá a lóhùn. Ó yọjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ó dáa. Á wá lọ́jọ́ Ẹtì.”

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì ń bá fóònù lọ níta nígbà tí ọmọ náà kọjú sí mi.

“Ọ́ńkù, kí ló dé tí ẹ wọ bàtà fún mi?”

“Kí wọ́n má baà fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni.”

Ó wò mí dáadáa. “Ta ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?”

Mo ní kí n dárúkọ ẹnì kan. Kò sẹ́ni tí mo lè dárúkọ, àfi èmi tí mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ojú sì tì mí.