Ìlà Tí Wọ́n Bá Mi So

Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni bátìrì kékeré tí mò ń dán wò gbọ́dọ̀ kún, kó sì gbẹ, láìdúró fún nǹkan bí oṣù kan, kí n tó lè sọ bó ṣe ń gbó. Iṣẹ́ oyè másítàsì mi nìyẹn. Ínfátà kan, ẹ̀rọ tó ń gbé iná ró bí iná ìjọba bá lọ, wà ní ẹ̀ka wa ní yunifásítì. Fíríìjì ọ́fíìsì ọ̀gá ẹ̀ka ló ń fún níná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fa iná rẹ̀ dé lábù. Ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ mi dòní. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí mi ní, "Ṣebí ìwọ lò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná? Lọ wá iná."

Mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń dán bátìrì náà wò lọ sí yàrá mi ní Ladi-Lak, ní Bàrígà. Mo fi bátìrì mọ́tò gbè é lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni iná já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìlà gíráàfù mi já síbi méjì. Mi ò bò ó. Mo fi ọfà tọ́ka sí i, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé iná lọ níbí.

Bajulaiye, ládùúgbò àwọn atẹ̀wé, la ti ń tẹ ìwé wa, tí a ti ń dì í. Bàbá tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tó lábùkù jáde lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á kẹ́yìn nílé ìwé ni mo gbà á, tòun tọ̀rá lára. Mi ò tú u wò. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, ẹyọ kan ṣoṣo.

Níwájú ìgbìmọ̀, olùdánwò tó wá láti ìta fi ìka tọ ìlà náà dópin.

"Níbo lò ń gbé?"

"Bàrígà ni, sà."

"Bàrígà wo ni iná kì í ti í lọ fún odidi oṣù kan?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi, tó mọ òótọ́, náà rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú ìwé náà: kò sí àlàfo, kò sí ọfà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Mo ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà mi kí wọ́n rí ojúlówó. Wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé làwọn ń wò. Wọ́n pè é nírọ́, wọ́n ní kí n lọ tún gbogbo ẹ̀ ṣe.

Mo gba Bajulaiye lọ tìbínú-tìbínú.

"Bàbá, kí lẹ ṣe síwèé mi?"

"Ìlà yẹn? Ó já, mo bá ẹ so ó. Mo sì pa ọ̀rọ̀ tó o kọ sí mi rẹ́. Ṣé àlejò Èkó ni mí ni, tí wàá fi máa ṣàlàyé iná tó lọ fún mi?"

Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló ṣe nǹkan fún mi láìjẹ́ pé mo kọ lẹ́tà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ lẹ́tà kẹrin nípa ínfátà. Akọ̀wé ọ̀gá ẹ̀ka gbà á, ó gbé e lé orí fíríìjì.