Ìyá Mi Gbọ́ Homecoming Sódì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bí àṣìgbọ́ kan ṣe kó mi yọ lọ́jọ́ tí ojú ì bá tì mí pátápátá.

Ìbẹ̀rẹ̀ nineties ni. Mo wà ní year two ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan nítòsí Moniya, èmi sì ni social secretary. Obìnrin àkọ́kọ́ tó máa dé ipò yẹn! Kúnlé tí mo fìdí ẹ̀ janlẹ̀ nínú ìbò ò gbà rárá. Gbogbo ibi tó bá dé ló ti ń sọ pé kí homecoming ṣáà dé, ìgbà yẹn ni gbogbo wa máa mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ju obìnrin lọ.

Homecoming wa nígbà yẹn, ká sòótọ́, ó máa ń dùn. Àwọn tó ti jáde á ti ibi gbogbo wá, àwọn kan á gbé mọ́tò wá, àwọn kan á mú ìyàwó wá. Alẹ́ Friday, ijó. Àárọ̀ Sátidé, bọ́ọ̀lù láàárín àwọn àti àwa. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, oúnjẹ. Oúnjẹ yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi. Tó bá fi lè yẹ̀, wọ́n á yọ mí nípò ní congress ọjọ́ Monday, Kúnlé á sì gbà á.

Ìyá mi ní Akínyẹlé ń retí mi ní Sátidé yẹn, pé kí n wá bá àwọn kó iṣu lóko. Fóònù dà? Bọ̀dá Ráṣídì tó ń fi mọ́tò kó èrò láti Moniya lọ sí Akínyẹlé ni mo bẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún ìyá mi pé mi ò ní ráàyè, homecoming la fẹ́ ṣe, àwọn tó ti jáde ní school ń bọ̀ wálé.

Ó parí, àbí? Kò parí o.

Sátidé dé, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí ìyá olóúnjẹ tó yẹ kó wá se oúnjẹ fún wa. Mo sáré dé ilé wọn. Àwọn ará ilé ní ọmọ wọn obìnrin ń rọbí ní ìgboro Ìbàdàn, pé láti àná ni wọ́n ti lọ. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ẹni tó ń rọbí? Mo padà sí school. Kúnlé ti gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá omi lásán la máa fi ṣe àlejò.

Ibi tí mo ti ń wá igun tí n óò ti sunkún ni mo ti gbọ́ fèrè mọ́tò Bọ̀dá Ráṣídì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ojú wọn le. Wọ́n ní ìyá mi ń bínú, iyán ti ń tutù.

Mo ní iyán kẹ̀?

“Àwọn tó o ní wọ́n ń bọ̀ wálé dà?”

Háà! Ṣé ó yé yín? Ìyá mi gbọ́ pé àwọn èèyàn ń bọ̀ wálé, ilé tiwa ni wọ́n rò pé mò ń sọ! Wọ́n ti kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn jọ, wọ́n ti wa iṣu tuntun, wọ́n ti pa ewúrẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ ẹ̀rù tún bà mí. Ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa, ilé wa ò ní sílíìnì, àwọn èèyàn ńlá yìí á wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì? Mo wo ẹ̀rín ẹnu Kúnlé. Mo ní ohun tó bá gbà ni màá fún un. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú alága àwọn old students, bàbá kan tó ti di principal, mo ní oúnjẹ tọdún yìí wà nílé wa ní Akínyẹlé. Wọ́n wá bi mí pé kí la wá ń dúró ṣe.

Ẹ ò bá rí wa! Bọ́ọ̀sì school níwájú, mọ́tò àwọn old students lẹ́yìn, eruku ń sọ lálá, àwọn èèyàn ń jáde wá wòran. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ń kí gbogbo wa káàbọ̀ bíi pé wọ́n ti mọ̀ wá rí. A jẹ iyán, a jẹ ẹran. Àwọn bàbá kan tú bẹ́líìtì. Kúnlé, ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, ní kí wọ́n fi iyán kún tòun, ó tún ní kí wọ́n fi kún un lẹ́ẹ̀kan sí i!

Nígbà tó yá, alága dìde. Wọ́n ní, “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ṣe homecoming, ọgbà school ni mo máa ń dé tí mo fi ń padà. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé.” Àtẹ́wọ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí àlejò ń lọ, mo fa ìyá mi sẹ́yìn. Mo bi wọ́n pé ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣe wọ́n ní kàyééfì ni, pé odindi school á kàn dìde wá bá wọn lábúlé. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. Wọ́n ní èmi ni àkọ́kọ́ tó lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú agbo ilé wa, ṣé kò yẹ kí wọ́n wá wo ibi tí mo ti jáde wá ni? Inú mi dùn, mo sì sunkún.

Ní congress, ta ló máa yọ mí? Kúnlé fúnra ẹ̀ ló dìde, ó ní kí wọ́n gbé tọdún tó ń bọ̀ náà lọ sí Akínyẹlé. Mo ní kó lọ bá ìyá mi sọ ọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹ má fojú kéré ilé yín. Ẹ lè máa rò pé kò tóbi tó láti gba àlejò, kí ẹni tó wà níbẹ̀ sì ti gbé ìkòkò kaná de gbogbo ayé nítorí yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín sódì rí tó sì di ayọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká jọ rẹ́rìn-ín. Tí Kúnlé bá sì ń ka èyí, ìyá mi ṣì ń bèèrè ẹ o.